Ohùn Tuovi Gba Amẹ́ríkà Kọjá

Tuovi Moilanen kì í ṣe ẹni tó máa ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nílé ìdáná ilé ẹ̀kọ́ ìlú Kuhmo ní Finland, níbi tó ti ń se oúnjẹ láti ìgbà tí àwọn òbí tó ń mú ọmọ wá síbẹ̀ lónìí fúnra wọn ṣì wà ní kíláàsì kìíní, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ lè má gbọ́ ju "ọbẹ̀ ti jinná" lẹ́nu rẹ̀ títí wọ́n á fi ṣíwọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá gba abẹ́ fèrèsé rẹ̀ kọjá ní ọ̀sán Sátidé, wàá rò pé ó ń bá ẹnì kan jà ni.

"Òsì mẹ́rin! Gegele! Ọ̀tún méjì, ó ń há, má gé e! Mo ní má gé e, Aimo!"

Aimo ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ọdún méjì péré ló fi jù ú. Ivalo ló ń gbé, lókè àríwá lọ́hùn-ún, ìrìn wákàtí méje sí Kuhmo. Géèmù kan tí wọ́n ń pè ní Metsätie ni àwọn méjèèjì jọ máa ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìdíje ọkọ̀ ni, nínú igbó, lórí ọ̀nà eléruku tàbí lórí yìnyín. Ènìyàn méjì ló máa ń wà nínú ọkọ̀ kan. Aimo ló ń wa ọkọ̀, Tuovi ló ń ka ọ̀nà fún un láti inú ìwé pélébé tó kọ fúnra rẹ̀: kọ́nà tó ń bọ̀, apá ibi tó yà sí, bó ṣe le tó. Bí nọ́ńbà bá ṣe kéré sí i ni kọ́nà ṣe le sí i. Ọwọ́ nìkan ni Aimo fi ń wakọ̀, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò ṣiṣẹ́ mọ́.

Kó tó di pé géèmù dé, wọ́n ti ṣe é lójú ayé. Ní ọdún 1988, Tuovi jẹ́ ọmọ ọdún méjìlélógún, mọ́tò pupa kékeré kan tí Aimo tún ṣe fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń gbé lọ sí gbogbo ìdíje agbègbè wọn. Ní ìgbà ìwọ́wé ọdún náà, ní Kuusamo, ọkọ̀ náà fò gun gegele kan, kọ́nà òsì wà lẹ́yìn rẹ̀, wọn kò rí i yà. Igi ló dá wọn dúró. Egungun èjìká Tuovi ṣẹ́. Ní ti Aimo, ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ló ṣẹ́, kò sì tún fi ẹsẹ̀ rìn mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ohun tí Tuovi rántí kò pọ̀. Ó rántí pé òun la ẹnu láti pe "òsì méjì." Bóyá ọ̀rọ̀ náà jáde kí wọ́n tó dé kọ́nà ni o, bóyá òun àti igi ló jọ dé ni o, kò mọ̀. Ẹnikẹ́ni kò bi í. Òun náà kò bi ẹnikẹ́ni. Nígbà tó padà délé láti ọ́síbítù, ó kó gbogbo ìwé ọ̀nà rẹ̀ sínú iná sọ́nà, ìyẹn ilé ìwẹ̀ olóoru wọn, ó dúró títí wọ́n fi di eérú, kò sì jókòó nínú ọkọ̀ ìdíje mọ́.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn ni Aimo pè é lórí fóònù.

"Géèmù kan wà tó ní àga méjì," ó ní. "Ẹ̀rọ ló ń ka ọ̀nà fún mi, ohùn rẹ̀ dà bíi ti obìnrin tó máa ń dáhùn ní báǹkì. Mi ò fẹ́ ẹ. Ẹni tó lè bú mi ni mo fẹ́."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Tuovi fi rò ó kó tó gbà. Báyìí ni wọ́n ṣe wọ ẹgbẹ́ Vanhat Renkaat, ìyẹn Táyà Àtijọ́, tí wọn kì í gba ẹni tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún. Ọkọ̀ mẹ́rìnlá ló wà nínú rẹ̀, láti Finland, Sweden àti Norway, wọ́n sì máa ń díje ní gbogbo ọ̀sán Sátidé.

Gbogbo nǹkan ń lọ déédéé títí di oṣù kìíní ọdún yìí, nígbà tí àwọn alábòójútó ilé tí Tuovi ń gbé pààrọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń fún wọn ní íntánẹ́ẹ̀tì. Kò sẹ́ni tó rí ìyàtọ̀. Ímeèlì ń wọlé, tẹlifíṣọ̀n ń ṣiṣẹ́. Sátidé àkọ́kọ́ ni wàhálà dé.

"Òsì méjì," Tuovi pè é. Lójú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, kọ́nà náà ṣì jìnnà dáadáa. Kó tó pa ẹnu dé, ọkọ̀ ti wọgbó, igi páìnì kan sì dúró gbọnin níwájú gíláàsì.

Aimo bú sẹ́rìn-ín. "Arábìnrin, ìyẹn pẹ́ o! Mo ti ń kí igi kú ọ̀sán kí o tó ní kí n yà."

Ohùn kan dá sí i látinú ẹ̀rọ. Bengt-Ove ni, ará Skellefteå ní Sweden, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. "Ẹ̀yin ará Finland, ṣé lẹ́tà lẹ fi ń bára yín sọ̀rọ̀ ni? Àbí arábìnrin ẹ ti ń tòògbé?"

"Panu ẹ dé, Bengt-Ove," Aimo dá a lóhùn. "Lọ to àga onípákó tí ẹ̀yin ará Sweden ń tà káyé."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi Tuovi.

Ní Sátidé kejì, wọ́n wọgbó lẹ́ẹ̀mejì. Ní ẹ̀kẹta, ọkọ̀ yí gbiri wọ adágún tó ti dì. Lọ́jọ́ kejì, Tuovi pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Aimo, dá ohùn ẹ̀rọ yẹn padà."

"Kí ló dé?"

"Mo ti dàgbà. Ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde lẹ́nu mi mọ́."

"Irọ́ ńlá. Nígbà tí o ń pè mí ní orí igi lánàá, wéré ló jáde."

"Mi ò bá ẹ ṣàwàdà o."

"Èmi náà ò ṣàwàdà. Géèmù ló ń fà. Tan kọ̀ǹpútà ẹ. Wo igun òkè lọ́wọ́ ọ̀tún. Nọ́ńbà kan wà níbẹ̀, kí ló pè?"

Tuovi kò tíì fìgbà kan wo igun náà rí. "Igba ó lé ọgbọ̀n. Pupa ni."

Aimo súfèé. "Tèmi ò tó àádọ́ta. Gbọ́: kọ̀ǹpútà tí géèmù yìí ń gbé inú ẹ̀, Jámánì ló wà. Nọ́ńbà yẹn ló ń sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó kúrò lọ́dọ̀ ẹ débẹ̀, kó sì padà. Bó bá pé ẹgbẹ̀rún, ìṣẹ́jú àáyá kan ti lọ nìyẹn. Tìẹ ti sún mọ́ ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá. Níbi tí mò ń sáré dé, mítà mẹ́fà ni ọkọ̀ ti fi lọ síwájú kí ohùn ẹ tó dé."

Tuovi gbọ́, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò gbà. Ó dà bíi pé Aimo kàn ń wá ohun tó máa fi tù ú nínú ni. Aláàánú ni Aimo, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, bó ti ń dúró kí ìyẹ̀fun búrẹ́dì rẹ̀ wú, ìpolówó kan yọ lójú fóònù rẹ̀. Ọkùnrin kan tí eyín rẹ̀ funfun bíi yìnyín ń pariwo pé: "Ṣé géèmù rẹ ń fà? VPN wa á dín in kù sí ìdajì!" Ohun tí Tuovi mọ̀ nípa VPN ni pé àwọn ènìyàn fi ń fara pamọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò mọ̀ pé ó ń mú nǹkan yá. Ó ra ti oṣù kan, ó gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Ètò náà ní òun ti bá a yan ibi tó yá jù lọ, Amsterdam ni. Tuovi ṣí géèmù, ó wo igun.

Igba ó lé méjìdínláàádọ́rin.

Ó pa VPN náà, nọ́ńbà sọ̀ kalẹ̀ sí igba ó lé ọgbọ̀n. Ó tún un tàn, ó tún gòkè. Ó pa á, ó lọ wo búrẹ́dì rẹ̀.

Ìyá àgbà kan wà nísàlẹ̀ ilé wọn, Hilkka Karvonen, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, tó máa ń gòkè wá mu kọfí lọ́dọ̀ Tuovi ní gbogbo ọjọ́ Wẹ́sídeè. Láti kékeré ni Tuovi ti ń pè é ní Àǹtí Hilkka. Nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, òun ló ń jókòó nídìí pátákó tẹlifóònù ìlú, tó ń fọwọ́ ki wáyà bọ ihò kí ẹnì kan lè bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n pa pátákó náà tì, ó kọ́ ẹ̀rọ tuntun, ó sì kọ́ èyí tó tún dé lẹ́yìn ẹ̀, títí ó fi fẹ̀yìn tì.

"Kí ló ṣe ojú ẹ tó dà bíi ti ẹni tí búrẹ́dì jó mọ́ lọ́wọ́?" Àǹtí Hilkka béèrè.

Tuovi ṣàlàyé ìdíje, nọ́ńbà pupa àti VPN fún un.

"Kí ni o rò pé VPN ń ṣe?"

"Wọ́n ní ó ń mú íntánẹ́ẹ̀tì yára."

"Àwọn wo ló sọ bẹ́ẹ̀? Àwọn tó ń tà á?"

Tuovi bu kọfí sí i fún un.

"Ọ̀nà mìíràn ló ń fún ẹ gbà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ," Àǹtí Hilkka ní. "Ó máa di ọ̀rọ̀ ẹ sínú àpò, ó máa gbé e gba ibùdó tiẹ̀ kó tó dé ibi tó ń lọ. Bí ọ̀nà tí o ń gbà tẹ́lẹ̀ bá tọ́, o kàn fi ibi ìdúró kan kún ìrìn àjò ẹ lásán ni. Bí ó bá wọ́ nìkan ló lè ràn ẹ́ lọ́wọ́."

"Báwo la ṣe máa mọ̀ bó bá wọ́?"

"A máa wò ó. Níbo ni àpótí íntánẹ́ẹ̀tì ẹ wà?"

"Lẹ́yìn fíríìjì."

Àǹtí Hilkka wò ó tìyanu-tìyanu. "Lẹ́yìn fíríìjì, Tuovi!"

Lọ́jọ́ kejì, tí Tuovi ti ibi iṣẹ́ dé, ìyá náà ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú wáyà gígùn kan tó ká mọ́ apá bí ọ̀jà. Wọ́n fi wáyà náà so kọ̀ǹpútà mọ́ àpótí, wọ́n sì pa waifai. Nọ́ńbà tó ti ń fò sókè sódò tẹ́lẹ̀ dúró sójú kan. Ṣùgbọ́n igba ó lé méjìlélógún ló dúró sí, pupa síbẹ̀.

Àǹtí Hilkka gbé awò rẹ̀ wọ̀, ó tẹ ọ̀rọ̀ kúkurú kan sínú kọ̀ǹpútà. Orúkọ àwọn ibi tí ọ̀rọ̀ ń gbà kọjá bẹ̀rẹ̀ sí í tò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka tọ́ka sí wọn.

"Kajaani. Ó dáa. Helsinki. Ó dáa. Stockholm. Kò burú. Èwo tún ni eléyìí? Ojú mi ò ríran dáadáa."

"New York," Tuovi kà.

"New York kẹ̀?"

"Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ nìyẹn."

"Kí ni ọmọ Moilanen ń wá lọ sí New York?" Àǹtí Hilkka bọ́ awò, ó nù ún, ó tún un gbé wọ̀. "Ó sọdá òkun lọ, ó tún sọdá òkun padà wá sí Jámánì. Ẹnì kan ní ilé iṣẹ́ tuntun yín yẹn ti tọ́ka ọ̀nà síbi tí kò yẹ, ó sì ti gbàgbé. Ó ṣẹlẹ̀ sí wa rí ní ọdún 1967. Yìnyín já wáyà Kajaani, a wá ń darí ìpè gba ìlú Oulu tó jìnnà réré. Wọ́n tún wáyà ṣe, ẹnikẹ́ni ò rántí. Oṣù méjì gbáko ni agbẹ̀bí wa fi ń gba Oulu bá aládùúgbò ẹ̀ sọ̀rọ̀."

"Kí ló dé tí VPN tún fi mú un burú sí i?"

"Torí Amsterdam ló gbé ẹ lọ. Láti ibí dé Amsterdam, ilé iṣẹ́ yìí náà ló ń gbé ẹ, New York yẹn náà ló máa gbà. Má jẹ́ kó yan fún ẹ. Mú Helsinki. Nínú Finland níbí, ọ̀nà wọn tọ́. Tó o bá ti dé Helsinki, àwọn oní-VPN á gbé ẹ gba ọ̀nà tiwọn."

Tuovi wá Helsinki nínú orúkọ tó tò lọ bẹẹrẹ, ó tẹ̀ ẹ́, ó ṣí géèmù.

Mọ́kànléláàádọ́ta. Ewé tútù làwọ̀ rẹ̀.

Àǹtí Hilkka fọwọ́ lu tábìlì. Ṣùgbọ́n Tuovi jókòó bí ẹni tí wọ́n da omi tútù sí lára.

"Kì í ṣe èmi nígbà náà," ó wí.

"Kí ni kì í ṣe ìwọ?"

"Èmi kọ́ ni mo pẹ́."

Ibẹ̀ ló ti sọ ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí: ọ̀rọ̀ Kuusamo, òsì méjì, àti bó ṣe máa ń tún un pè nínú ọkàn rẹ̀ bó bá ń ro ọbẹ̀, tó ń ṣírò bóyá àyè tó. Ìyá náà gbọ́ ọ dópin.

"Ṣé o ti bi Aimo?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ bi í nírú ẹ̀?"

"Ẹnu ni wọ́n fi ń bèèrè," Àǹtí Hilkka ní. Ó dìde, ó sì lọ sílé rẹ̀, kó lè fún un láàyè.

Tuovi pè é kí ọkàn rẹ̀ tó yí padà. Ó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ New York, Aimo rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Lẹ́yìn náà ni Tuovi bèèrè.

"Ní Kuusamo, ṣé mo pẹ́ pè é?"

"Pe kí ni?"

"Òsì méjì yẹn, Aimo. Ṣé mo pẹ́?"

"O ò pẹ́," Aimo ní. "Ẹ̀ẹ̀mejì lo pè é. Ìgbà kejì, igbe lo fi ké e. Mo gbọ́ ketekete. Wọ́n ti sọ fún mi níbi tí a ti dúró pé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ló kù ká bá àwọn tó wà níwájú. Mo rò pé mo lè gba kọ́nà náà láìdín eré kù. Èmi ni mi ò tẹ bíréèkì."

"O mọ̀."

"Mo rò pé ìwọ náà mọ̀. Ṣebí o wà nínú ọkọ̀."

"Ọdún mẹ́rìndínlógójì, Aimo!"

"O ò bi mí rí."

"Ìwọ náà ò sì sọ!" Tuovi pa fóònù náà.

Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn. Inú rẹ̀ kò dùn. Ìbínú ló gbé e, irú èyí tí kò mọ̀ pé ó wà nínú òun. Lọ́jọ́ kejì, ó fọ ìkòkò ilé ẹ̀kọ́ títí ọ̀gá ilé ìdáná fi bi í bóyá ìkòkò náà ṣẹ̀ ẹ́. Aimo pè, kò gbé e. Aimo kọ̀wé, kò ṣí i. Nígbà tí Sátidé dé, ó jókòó ti kọfí rẹ̀, kò tan kọ̀ǹpútà. Ohùn ẹ̀rọ tó dà bíi ti obìnrin báǹkì yẹn ló ka ọ̀nà fún Aimo lọ́jọ́ náà, ipò kejìlá ni wọ́n gbà.

Ní Mọ́ńdè, bó ti ń ti ilé ẹ̀kọ́ bọ̀, ó rí ọkọ̀ kan tó mọ̀ nínú àgbàlá, èyí tí wọ́n tún ṣe kí Aimo lè máa fi ọwọ́ nìkan wà á. Aimo wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà, yìnyín ti bo fìlà rẹ̀, ẹja yíyan láti adágún Inari sì wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú bébà. Kò kí i.

"Mo ní mo rò pé o mọ̀," ó bẹ̀rẹ̀. "Kò fi bẹ́ẹ̀ jóòótọ́. Ìtìjú ló mú mi. Ní ọ́síbítù, ìyá wa bi mí, mo ní ọ̀nà ló yọ̀. Nígbà tí mo ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, bí ọdún ṣe ń gorí ọdún ló túbọ̀ ń ṣòro láti yí i padà. Ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ pé ọrùn ara ẹ lo gbé e kọ́. Ká ní mo mọ̀ ni, Tuovi, ǹ bá ti sọ ọ́ tipẹ́. Má bínú."

Tuovi gbọn yìnyín kúrò lórí fìlà rẹ̀. Èémí àwọn méjèèjì ń rú bí èéfín.

"Ìgbà wo lo ti wà nínú òtútù yìí?"

"Ó ti lé ní wákàtí kan."

"Orí igi ni ẹ́ lóòótọ́. Nu táyà kẹ̀kẹ́ ẹ kó o tó wọlé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ilẹ̀."

Ọjọ́ méjì ló lò lọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n jẹ ẹja, wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n tún bínú síra wọn díẹ̀, wọ́n tún sọ̀rọ̀. Àǹtí Hilkka gòkè wá fi ọ̀nà New York han Aimo, ó sì jẹ́ kó tẹ̀ ẹ́ jáde lórí ìwé kó lè máa fi han àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí Aimo padà sí Ivalo, òun náà sáré ra VPN. Ó pe Tuovi lọ́jọ́ náà gan-an. "Mẹ́tàdínláàádọ́ta ni nọ́ńbà mi tẹ́lẹ̀. Ó ti di mẹ́tàlélọ́gọ́ta!"

"Àǹtí Hilkka ti sọ fún ẹ. Ọ̀nà tìẹ tọ́. Yọ ọ́ kúrò."

"Mo kàn fẹ́ dán an wò ni."

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún jókòó pọ̀, òun ní Kuhmo, Aimo ní Ivalo. "Ẹ káàbọ̀ o," ni Bengt-Ove fi kí wọn. "Ṣé ẹ ti rí sítáǹpù rà fún lẹ́tà yín?"

"Wákọ̀ ẹ," Tuovi dá a lóhùn, ẹnu sì ya gbogbo ẹgbẹ́, torí wọn kò gbọ́ kó dá sí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni rí. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bú.

Kìlómítà méjìdínlógún ni ọ̀nà ọjọ́ náà, yìnyín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀rọ̀ ń kúrò lẹ́nu Tuovi, ọkọ̀ ń yà. Ọ̀tún mẹ́ta, ó yà. Òsì márùn-ún, ó yà. Lẹ́yìn gegele kejì, kọ́nà kan tó le wà, Tuovi pè é, Aimo sì dín eré kù ju bó ṣe yẹ lọ pàápàá. "Má wulẹ̀ sùn síbẹ̀!" Tuovi kígbe. "Tẹ̀ ẹ́!" Ipò karùn-ún ni wọ́n gbà, Bengt-Ove gba ìkẹta. Ohùn Tuovi há títí di Mọ́ńdè.

Àǹtí Hilkka ní tirẹ̀ kò fi ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì náà sílẹ̀. Ó kọ lẹ́tà, ó fi orúkọ gbogbo ibùdó mọ́ ọn. Wọ́n dá a lóhùn pé kó pa àpótí rẹ̀, kó sì tún un tàn. Ó kọ òmíràn, ó ní òun ti ń so wáyà kí àwọn òbí ẹni tó kọ èsì náà tó pàdé. Ní oṣù kẹrin, ẹnjiníà kan pè é fúnra rẹ̀. Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fi sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kejì, New York kò sí nínú ọ̀nà mọ́. Tuovi pa VPN rẹ̀: mẹ́rìnlélógójì. Ó tàn án: mọ́kànléláàádọ́ta. Ó yọ ọ́ kúrò, kò sì sanwó oṣù tó tẹ̀ lé e.

Ipò keje ni wọ́n fi parí sáà ìdíje náà. Nínú oṣù kẹfà, Bengt-Ove pe gbogbo ẹgbẹ́ wá sílé rẹ̀ ní Skellefteå. Ẹni kúkurú tó ní ohùn jẹ́jẹ́ ni, ó sì ń tijú. Ìyàwó rẹ̀ gbé àkàrà ńlá kan, ìyẹn búrẹ́dì onípele tí wọ́n to edé sí lórí, sórí tábìlì nínú ọgbà, ó di Tuovi lọ́wọ́ mú, ó ní òun ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri láti ọdún méjì, òun sì ti ń fẹ́ mọ ẹni náà. Aimo àti Bengt-Ove ti wà lábẹ́ igi, wọ́n ń jiyàn lórí táyà yìnyín nínú oòrùn. Tuovi bu àkàrà ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó fa àga sún mọ́ ìyàwó Bengt-Ove, ó sì jókòó.